Kí Ni Wọ́n Ń Kọ́ Ọmọ Wa ní Bésíìkì Sáyẹ́ǹsì? Àlàyé fún Òbí Tó Ní Ọmọ ní JSS

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Tákìẹ́ dá mi dúró lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́ wa, níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́jọ́ tí a parí ìpàdé òbí àti olùkọ́. Ìwé nóòtì ọmọ rẹ̀ ló mú dání. Ó ṣí i fún mi. Ọmọ náà ya ife méjì sójú ewé náà, ewéko ẹ̀wà kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ga fíofío, ó sì tẹ̀. Èkejì kúrú, ó ki. Lábẹ́ èyí tó ga, ọmọ náà fi bíírò pupa kọ ọ́ pé tòun ti bàjẹ́.

Ìyá náà ní, "Tíṣà, ẹ má bínú o. Mo fún un lẹ́wà, mo fún un ní òwú, mo tún ra ife méjì. Nígbà tó di ọjọ́ keje, ẹkún ló sun wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń kọ́ wọn gan-an?"

Òun nìkan kọ́ ló ń béèrè. Bàbá kan ti wá bá mi rí nítorí pé ọmọ rẹ̀ sọ fún un pé alábàárù tó dúró pẹ̀lú ẹrù lórí kò ṣe iṣẹ́ kankan. Ìyá mìíràn fẹ́ mọ ìdí tí a fi ń bá ọmọ ọdún mọ́kànlá sọ̀rọ̀ nǹkan oṣù. Láti ìgbà tí ìròyìn sì ti jáde ní 2025 pé ìjọba àpapọ̀ ti dín iye sọ́bújẹ́ẹ̀tì kù, àwọn kan ń bi mí bóyá wọ́n ti yọ sáyẹ́ǹsì kúrò. Mo ti kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ yìí fún ọdún tó pọ̀. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn wọn pa pọ̀.

Kí ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí?

Bésíìkì Sáyẹ́ǹsì ni sáyẹ́ǹsì ìpìlẹ̀ tí gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́, ìbáà ṣe ẹni tó fẹ́ di nọ́ọ̀sì, ìbáà ṣe ẹni tó fẹ́ di télọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe JSS tipẹ́, Integrated Science lẹ máa ń pè é. Ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án tó dé ní 2008 ló sọ ọ́ di Basic Science. Ní 2014, wọ́n tún kó òun àti Basic Technology, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà àti ẹ̀kọ́ eré ìdárayá sábẹ́ orúkọ kan. Ìlànà tí wọ́n kéde ní 2025 ní kí ọmọ JSS máa ṣe sọ́bújẹ́ẹ̀tì 12 sí 14. Wọn ò yọ sáyẹ́ǹsì kúrò níbẹ̀. Ìkòkò ni wọ́n ń pààrọ̀, ọbẹ̀ kan náà ló wà nínú rẹ̀.

Ohun tó wà nínú ọbẹ̀ náà ni ara ènìyàn àti ìlera, ewéko àti ẹranko, omi àti afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀ tí a ń tẹ̀, iná àti ooru àti ìmọ́lẹ̀ àti ìró, oòrùn àti òṣùpá. Igi kan ṣoṣo ni ní JSS. Tí ọmọ bá dé SSS ni yóò pẹ̀ka mẹ́ta: Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì, Físíìsì. Ẹni tó bá fẹ́ kàwé dókítà, ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa fi ṣe JAMB pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí nìyẹn tí ara mi kì í fi í gbà á tí òbí bá ní ọmọ òun máa ṣe dókítà, ṣùgbọ́n tó ní kí ọmọ fi iṣẹ́ àṣetiléwá Bésíìkì Sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ kó lọ kọ́ ìṣirò.

Kí ni sáyẹ́ǹsì fúnra rẹ̀?

Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni Yorùbá ń pè é. Orúkọ tó dára ni, àmọ́ ó máa ń dẹ́rù ba òbí, bíi pé inú kànga jíjìn kan ni wọ́n ti ń fà á jáde. Ohun tí a ń ṣe ní kíláàsì kò jìn tó bẹ́ẹ̀. A ń wo nǹkan dáadáa. A ń béèrè ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. A ń dá àbá, ìyẹn ni pé a ń sọ ohun tí a rò pé ó fà á. A ń dán an wò. A ń kọ ohun tí a rí sílẹ̀, ì báà bá àbá wa mu tàbí kó má bá a mu.

Ẹ̀yin alákàrà mọ̀ ọ́n dáadáa. Lọ́jọ́ tí àkàrà bá kọ̀ tí kò wú, ẹ kì í kàn wò ó níran. Ẹ máa rò ó: ṣé mi ò lù ú tó ni? Ṣé omi ló pọ̀ jù? Àbí epo ò tíì gbóná nígbà tí mo dà á sí i? Lọ́jọ́ kejì, ẹ lè lo ẹ̀wà kan náà, omi kan náà, epo tó gbóná bákan náà, kí ẹ wá lù ú pẹ́ ju ti àná lọ. Bó bá wú, ẹ ti rí ìdí rẹ̀. Wíwò, ìbéèrè, àbá, dídán wò, gbogbo rẹ̀ pé síbẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ò ju pé ọmọ yín máa kọ tirẹ̀ sínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń da gbogbo wa rú: ìdánwò. Yorùbá ń lò ó fún èyí tí ọmọ ń jókòó kọ ní òpin sáà, ó sì tún ń lò ó fún èyí tí a ń fi ife àti omi ṣe. Wọn ò jọra rárá. Nínú ti òpin sáà, olùkọ́ ti mọ ìdáhùn, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ náà mọ̀ ọ́n ni. Nínú ti ife àti omi, ewéko fúnra rẹ̀ ló ní ìdáhùn lọ́wọ́, kò sì sí ohun tó kan ewéko bóyá àbá ọmọ tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà. Kí ó má baà dàrú, pírátíkà ni màá máa pe èyí kejì látibí lọ, bí àwọn ọmọ ṣe ń pè é.

Kí ló dé tí ẹ̀wà inú òkùnkùn fi ga ju ti inú ìmọ́lẹ̀ lọ?

Iṣẹ́ tí mo fún wọn rèé: kí kálukú rẹ òwú sínú omi, kí ó tẹ́ ẹ sínú ife méjì, kí ó kó ẹ̀wà mẹ́ta mẹ́ta lé e. Kí ó gbé ife kan sójú fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, kí ó gbé èkejì sínú kọ́bọ́ọ̀dù kí ó sì tì í. Omi tí wọ́n máa bu sí méjèèjì kò gbọ́dọ̀ ju ara wọn lọ. Ọjọ́ méje. Gbogbo kíláàsì ló dá àbá pé ti inú kọ́bọ́ọ̀dù kò ní hù.

Ó hù. Ó tún ga ju ti ojú fèrèsé lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ọ̀pá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó funfun, kò lè dá dúró, ewé rẹ̀ kéré, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìyeyè. Ohun tí ọmọ ìyá ẹlélùbọ́ rí nìyẹn, tó fi rò pé òun ti ba iṣẹ́ jẹ́.

Kò ba nǹkan kan jẹ́. Bí ẹ bá rẹ ẹ̀wà, tí ẹ bó o, ẹ máa rí i pé ó pín sí abala méjì. Oúnjẹ ni abala méjèèjì. Ó dà bí ẹni tó di gàrí àti kúlíkúlí mọ́ra kó tó wọkọ̀: ohun tó máa jẹ títí yóò fi débi tó ń lọ ló dì yẹn. Abẹ́ ilẹ̀ ni ẹ̀wà ti sábà máa ń hù, inú òkùnkùn náà sì ni abẹ́ ilẹ̀. Tó bá ṣì wà nínú òkùnkùn, ohun tó "rò" ni pé òun kò tíì yọ síta, nítorí náà gbogbo oúnjẹ tó dì lọ́wọ́ ló ń ná sórí gíga. Kì í ná an sórí ewé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ná an sórí kí ọ̀pá rẹ̀ ki. Ohun tó ń mú kí ewé dúdú kì í dé láìsí ìmọ́lẹ̀, òun gan-an sì ni ewéko fi ń se oúnjẹ fún ara rẹ̀. Nítorí náà, èyí tó ga yẹn, ebi ló ń lé e sáré. Bí oúnjẹ ìrìn àjò rẹ̀ bá tán tí kò rí ìmọ́lẹ̀, yóò kú.

Mo ní kí ìyá náà sọ fún ọmọ rẹ̀ kó gbé ife náà sójú fèrèsé. Lọ́jọ́ kẹta, ewé rẹ̀ ti dúdú. Ọmọ náà mú un wá sí kíláàsì, ó gbé e lé orí tábìlì mi láìsọ̀rọ̀.

Ohun kan tí n kò sọ fún ìyá náà lẹ́nu géètì nìyí. Nínú ìwé tí mo gbà lọ́jọ́ yẹn, àwọn ọmọ mẹ́ta kan ya ife inú kọ́bọ́ọ̀dù ní òfìfo. Ẹ̀wà tiwọn náà hù, mo rí ife wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rò pé olùkọ́ fẹ́ kó má hù ni, wọ́n sì ya ohun tí wọ́n rò pé mo fẹ́ rí. Ọmọ ìyá ẹlélùbọ́ sunkún, àmọ́ ó ya ohun tí ojú rẹ̀ rí. Òun ni mo fún ní máàkì kíkún. Bí mo bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, èyí ni màá mú: kí ọmọ lè kọ ohun tó rí sílẹ̀, kódà nígbà tí kò bá ohun tó rò mu, kódà nígbà tí kò bá ohun tí àgbà rò mu.

Kí ni pírátíkà tí kò ṣègbè?

Ẹ lè gbọ́ tí ọmọ yín ń sọ pé àwọn gbọ́dọ̀ "yí ohun kan ṣoṣo padà". Ohun tó túmọ̀ sí nìyí.

Gbogbo wa la mọ̀ pé omi inú àmù máa ń tutù ju omi inú ike lọ. Kí ló fà á? Ṣé amọ̀ ló tutù ni? Ara àmù ní àwọn ihò tó kéré débi pé ojú kò lè rí wọn. Omi ń gba ibẹ̀ yọ síta díẹ̀díẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan ara rẹ̀, ó máa ń rin. Omi tó yọ yẹn ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́, kò sì sí omi tó lè gbẹ láìgba ooru. Ara omi tó kù nínú àmù ló ti ń gba ooru náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí nọ́ọ̀sì bá fi spirit nu apá yín kó tó fún yín lábẹ́rẹ́: ibẹ̀ á tutù nini nítorí spirit ń yára gbẹ, ó sì ń gba ooru ara yín lọ.

Láti dán an wò nílé, ẹ wá ìgò méjì tó jọra. Ẹ bu omi kan náà sí i, kó kún bákan náà. Ẹ fi aṣọ tó rin wé ọ̀kan. Ẹ fi ìkejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé méjèèjì sábẹ́ igi kan náà níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ kàn wọ́n.

Ẹ kíyè sí i pé aṣọ nìkan ló yàtọ̀. Bí ẹ bá gbé ọ̀kan sábẹ́ máńgòrò, kí ẹ gbé ìkejì sójú oòrùn, ẹ ti ṣègbè. Bí èyí tó láṣọ bá wá tutù jù, ta ló máa mọ̀ bóyá aṣọ ni tàbí ìbòòji? Adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan nínú ilé, tó gbọ́ ti ẹnì kejì láàárín ọjà, kò lè mọ ẹni tó jàre. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń dá ọmọ padà bí ohun méjì bá yàtọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà.

Ẹ tún un ṣe nígbà ọyẹ́, kí ẹ tún un ṣe nígbà òjò. Nígbà ọyẹ́, tí aṣọ orí okùn ń gbẹ kíákíá, ìgò aláṣọ á tutù gan-an. Nígbà òjò, tí aṣọ kì í fẹ́ gbẹ, ẹ lè má fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀. Ẹ bi ọmọ yín léèrè ìdí rẹ̀.

Kí ló dé tí "iṣẹ́" inú ìwé kò fi jọ iṣẹ́ tí a mọ̀?

Ibí ló ti ń le jù, ó sì yẹ kí a rọra rìn ín. Sáyẹ́ǹsì máa ń mú ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń sọ, á wá há a mọ́ ìtumọ̀ kan. Ọmọ JSS 2 á wọlé, á ní olùkọ́ sọ pé ẹni tó ti ògiri láti àárọ̀ dalẹ́, tí ògiri kò mira, kò ṣe iṣẹ́ kankan. Ẹni tó ń gbọ́ ọ á rò pé ọmọ ń sọ ìsọkúsọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ipá. Ipá ni títì tàbí fífà. Iṣẹ́ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ipá bá mú nǹkan kúrò níbi tó wà, lọ sí apá ibi tí ipá náà kọjú sí. Ká ní alábàárù gbé àpò èlùbọ́ 50 kìlò nílẹ̀, ó gbé e sórí ọkọ̀ tó ga ní mítà 2. Ipá tó nílò láti gbé àpò náà tó nǹkan bí 500 níútìn (níútìn la fi ń wọn ipá). Ẹ fi 500 lọ́nà 2: iṣẹ́ tó ṣe jẹ́ 1,000 júùlù (júùlù la fi ń wọn iṣẹ́). Àmọ́ tó bá kàn ru àpò náà dúró tó ń dúró de oníbàárà, àpò kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀, iṣẹ́ tó ṣe lórí àpò náà jẹ́ òdo.

Kí ló wá dé tó fi ń làágùn? Nítorí pé iṣan ara rẹ̀ kò sinmi. Wọ́n ń fà, wọ́n ń dẹ̀ láìdúró kí àpò má baà jábọ́, oúnjẹ tó jẹ láàárọ̀ sì ni wọ́n ń jó lórí rẹ̀. Sáyẹ́ǹsì kò sọ pé alábàárù ń ṣe ọ̀lẹ. Ohun tó dé ọ̀dọ̀ àpò ló kà, kò ka ohun tí ara alábàárù ná. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọmọ kí wọ́n má baà dé ọjà lọ bú ẹni tó jù wọ́n lọ.

Ìṣòro kejì ni ọ̀rọ̀ náà agbára. Ní Yorùbá, agbára lè jẹ́ ipá, ó lè jẹ́ énájì, ó lè jẹ́ páwà. Ní kíláàsì, mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Énájì ni ohun tí nǹkan ní nínú tó fi lè ṣiṣẹ́: àmàlà tí alábàárù jẹ, epo inú ọkọ̀. Páwà ni bí iṣẹ́ náà ṣe yá sí. Bí alábàárù kan bá gbé àpò yẹn sókè ní ìṣẹ́jú àáyá 2, a ó pín 1,000 júùlù yẹn sí 2, páwà rẹ̀ jẹ́ 500 wáàtì. Bí ẹlòmíràn bá lo ìṣẹ́jú àáyá 4, tirẹ̀ jẹ́ 250. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe, ọ̀kan yá ju èkejì lọ.

Mítà iná yín lè mú kí èyí yé ọmọ ju ìwé lọ. Ẹ ní kí ó ka nọ́ńbà tó wà lára áyọ́ọ̀nù. Bí ó bá jẹ́ 1,000 wáàtì, páwà rẹ̀ nìyẹn, ìyẹn bó ṣe ń yára jẹ iná tó. Tó bá fi gbóná fún wákàtí kan gbáko, yúnítì kan ti lọ. Gílóòbù 100 wáàtì ní láti tàn fún wákàtí mẹ́wàá kó tó jẹ yúnítì kan náà. Énájì ni yúnítì, òun lẹ sì ń sanwó fún. Ọmọ tó bá lè ṣàlàyé èyí fún bàbá rẹ̀ níwájú mítà ti mọ ohun tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò mọ̀.

Kí ló dé tí wọ́n ń bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀ ìbàlágà?

Nítorí pé ara kì í dúró de JSS 3. Àwọn ọmọbìnrin mìíràn ti ń rí nǹkan oṣù kí wọ́n tó wọ JSS 1. Èyí tí ẹnì kankan kò bá sọ fún, ẹ̀rù á bà á pé òun ń kú lọ. Mo ti rí i, ó sì dùn mí dé ọkàn. Ohun tí a ń kọ́ wọn ni ohun tó ń yí padà lára ọkùnrin àti obìnrin, ìmọ́tótó, àti bí àrùn ṣe ń ràn. Ẹ̀yin òbí lẹ ni ọ̀rọ̀ ìwà àti ẹ̀sìn. Ẹ fi tiyín kún un. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ohun tí olùkọ́ sọ, ẹ ka ìwé nóòtì ọmọ yín. Kò sí àṣírí níbẹ̀.

Jẹ́nótáìpù: kí ni "ìdá kan nínú mẹ́rin" túmọ̀ sí?

Tí ọmọ bá dé JSS 3, yóò kọ́ bí nǹkan ṣe ń tọ̀dọ̀ òbí dé ara ọmọ. Mo fẹ́ kí gbogbo òbí bá ọmọ wọn jókòó ti èyí, nítorí ọmọ náà máa fẹ́ ìyàwó tàbí lọ́kọ lọ́jọ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé kálukú wa mú káàdì méjì dání fún ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. A lè kọ A sára káàdì, a sì lè kọ S. Káàdì méjèèjì pa pọ̀ ni jẹ́nótáìpù. Ẹni tó mú A àti A jẹ́ AA. Ẹni tó mú A àti S jẹ́ AS: ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n káàdì S wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó mú S méjì ló ní àìsàn tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, ìyẹn sickle cell.

Nígbà tí ẹ bá bímọ, ẹ ó di ojú, ẹ ó fún ọmọ ní káàdì kan nínú méjì yín. Bí bàbá bá jẹ́ AS tí ìyá náà jẹ́ AS, ọ̀nà mẹ́rin ló wà: A àti A, A láti ọ̀dọ̀ bàbá pẹ̀lú S láti ọ̀dọ̀ ìyá, S láti ọ̀dọ̀ bàbá pẹ̀lú A láti ọ̀dọ̀ ìyá, S àti S. Ọ̀kan nínú mẹ́rin ni SS. Bí ọ̀kan nínú òbí bá jẹ́ AA, kò sí bí ọmọ ṣe lè rí S méjì.

Ibi tí ènìyàn ti ń ṣìnà rèé. Tọkọtaya AS kan lè ní, "Àkọ́bí wa ti jẹ́ SS, mẹ́ta tó kù máa yọ." Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dà bíi kí ẹ da owó ẹyọ: bó ṣe ṣubú ní àkọ́kọ́ kò sọ bó ṣe máa ṣubú lẹ́ẹ̀kejì. Oyún kọ̀ọ̀kan, ẹ tún di ojú mú káàdì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé kan lè bí mẹ́rin kí ó má sí SS níbẹ̀, òmíràn lè bí méjì kí méjèèjì jẹ́ SS.

Kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó dé, àwọn ìyá wa ń rí ọmọ tó ń wá tó ń lọ, wọ́n ní àbíkú ni. Àìsàn yìí wà lára ohun tó ń mú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Ìbàdàn tó sún mọ́ wa yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéyínká Fálúsì lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìwádìí àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí a ń jogún, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ L'Oréal-UNESCO fún àwọn obìnrin onísáyẹ́ǹsì ní 2001. Mo máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin kíláàsì mi, pàápàá àwọn tí wọ́n ti sọ fún nílé pé iṣẹ́ ọkùnrin ni sáyẹ́ǹsì.

Kí ni ọmọ kò gbọ́dọ̀ dán wò nílé?

Iná ilé. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì ni a fi ń kọ́ wọn, 1.5 fóòltì péré. Iná ara ògiri ju 200 lọ, ó ń pa ènìyàn. Kí ọmọ má fọwọ́ kan ásíìdì bátìrì ọkọ̀. Kí ẹ̀yin náà má sì ṣe da bíléèṣì pọ̀ mọ́ oògùn ásíìdì tí ẹ fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́, nítorí gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí ọmọ bá fẹ́ mọ ohun tó jẹ́ ásíìdì àti ohun tí kì í ṣe ásíìdì, ẹ fún un ní omi ìsápá pupa tí ẹ fi ń ṣe sóbò. Tó bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, á pọ́n sí i. Tó bá da omi eérú tí a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú sí i, á ṣú, á sì yí sí àwọ̀ ewé. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mu ún lẹ́yìn náà.

Báwo ni máàkì ṣe ń wá?

Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, nǹkan bí 30 tàbí 40 nínú 100 ni iṣẹ́ inú sáà: ìdánwò kékeré, iṣẹ́ àṣetiléwá, pírátíkà, ìwé nóòtì. Ìdánwò ìparí sáà ló ni ìyókù. Ọmọ tí kò mú ife àti ẹ̀wà wá ti ń pàdánù máàkì kó tó jókòó. Ní òpin JSS 3, yóò ṣe BECE, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Junior WAEC, kó tó bọ́ sí SSS.

Èmi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, báwo ni mo ṣe lè ran ọmọ mi lọ́wọ́?

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, sáyẹ́ǹsì wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọ́n ṣe dáadáa jù, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ kíláàsì nìyẹn. Kò sí ẹni tó de ahọ́n yín nílé. Ọmọ lè há ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sórí láì mọ ohun tó ń sọ. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní, "Ọmọ mi, sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá kó yé mi," kò ní ibi tó máa sá sí. Bó bá yé e, á sọ ọ́. Bí kò bá yé e, òun fúnra rẹ̀ á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kò tíì yé òun. Ẹ̀yin náà ẹ sì ní tiyín láti sọ fún un.

Ní sáà kejì, a ń kọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣe tó bá gbóná. Mo béèrè bóyá ẹnì kan ti rí i rí, ọmọ kan sì dìde. Fọ́kánáísà ni bàbá rẹ̀, lójú títì tó lọ sí Ìlọrin. Ó ní bàbá òun kì í gbà kí wọ́n wọn atẹ́gùn taya ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé, á ní kí awakọ̀ jókòó kó tutù ná, nítorí gééjì á purọ́. Mo ní, irọ́ wo? Ó ní taya tó gbóná á fi nọ́ńbà ńlá hàn, awakọ̀ á rò pé atẹ́gùn pọ̀ jù, á ní kí wọ́n tú díẹ̀ dànù, tó bá wá di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, taya á ti rọ̀. Mo bi í pé kí ló ń ti ara taya láti inú. Ó ronú díẹ̀, ó wo àwòrán tí mo yà sójú pátákó, àwọn èérún afẹ́fẹ́ kéékèèké tó ń sáré kiri, ó ní, "Wọ́n ń sáré jù nígbà tó bá gbóná, wọ́n sì ń fi orí gbá ara taya." Mo ní kí ó wá sí iwájú kí ó fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo kíláàsì, ó sì wá.